Omi Tí Mo Dà Nù

Mo rántí ìgbà tí omi di ohun tí à ń rù gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Peckham. Ẹ̀yin tí ẹ ń yí ẹ̀rọ omi lónìí tí ó ń tú yàà, ẹ lè má mọ ohun tí mo ń sọ. Inú adágún ọgbà Peckham Rye ni a ti ń pọn ọ́n, nínú kẹ́ẹ̀gì oníke, nítorí ike ni àjẹrin kì í jẹ. Àjẹrin ni àwa Yorùbá ibẹ̀ ń pe àrùn náà. Ọlọ́run kọ́ ló dá a, ènìyàn ló ṣe é. Àwọn onímọ̀ kan ló ṣe ẹ̀rọ kéékèèké tí ojú ò lè rí, pé kí ó máa jẹ ìpáàrà inú páìpù omi fún wa. Ó jẹ ìpáàrà náà lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Ó jẹ páìpù, ó jẹ wáyà, ó jẹ fóònù mọ́ wa lọ́wọ́, ó jẹ ojú irin, lífítì ilé wa sì kú fin-ín. Ìgbà tí irin ìta ò tó o mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn tí irin wà nínú ara wọn.

Ọ̀pá irin kan wà nínú ojúgun ọ̀tún mi. Ọ̀kadà ló kán mi lẹ́sẹ̀ nílé kí n tó wá sí ìlú ọba, irin yẹn ni dókítà fi tò ó. Kí àjẹrin tó dé, n kì í rántí pé ó wà níbẹ̀ àfi tí òtútù bá mú. Nígbà tí ó dé, n ò ro nǹkan mìíràn mọ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń tẹ ojúgun mi wò, bí ẹni ń kí àna, pé ṣé ó sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alhájì fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Peckham, n ò mọ ẹnikẹ́ni. Mo kírun tán ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kan, mo fi báàgì mi rọrí, mo sùn lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ló jí mi, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò bi mí ní ìwé, wọn ò bi mí ní ìlú. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Bí mo ṣe bá wọn délé nìyẹn, ní àjà karùn-ún, tí ìyàwó wọn, Alhájà, fún mi ní oúnjẹ àti yàrá. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ, ẹni tó bá sì bèèrè ta ni mí, Alhájì á ní, "Ọmọ mi ni." Wọn kì í ṣàlàyé kún un.

Alhájì ni olórí àwọn tí ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí wa, àwọn náà ló kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀tún ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Rọra da omi, bí ẹni pé òkú ń gbọ́. Omi ìkẹyìn, káfúrà ni kí o fi sí i. Ọkọ lè wẹ aya, aya lè wẹ ọkọ. Ohun tí o bá rí lára òkú, má sọ ọ́ síta láéláé. Mo mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, mo sì lẹ́nu! Tí wọ́n bá ti pè wá sí ibi òkú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ ká ọwọ́ aṣọ sókè, tí màá máa pàṣẹ fún àwọn tó jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan Alhájì wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá wẹ̀ mí o."

Mo ní, "Ẹ máa pẹ́ láyé, Alhájì."

"Mo mọ̀ pé màá pẹ́. Mo ní ìwọ ni wàá wẹ̀ mí."

Mo ní, "Ó ti di ṣíṣe." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà Alhájì tí ń ran ọkàn wọn lọ́wọ́. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan, lásìkò tí àjẹrin ń le gan-an, ẹ̀rọ náà dákẹ́, àwọn náà sì dákẹ́. Àhesọ kan ti gba ìgboro nígbà yẹn pé tí omi bá kan òkú tí irin wà lára rẹ̀, àjẹrin á jí, á sì gun ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti fi ẹsẹ̀ rìn yí gbogbo ilé wa ká, wọ́n ń pariwo pé kò lè ti ara òkú ran alààyè. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwáwí.

Àhesọ yẹn ti lé àwọn awẹ̀kú yòókù sá. Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ wà ní Stockwell, kò sí ọkọ̀, kò sí fóònù tí a lè fi pè é. Èmi nìkan ló kù. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ti wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Alhájà ló pọn ọ́n fúnra wọn, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n gbé e gun àjà márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó ọṣẹ àti káfúrà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, omi rèé. Mo ti gbé e kaná, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. O mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ omi tútù."

Ọkùnrin méjì láti ìsàlẹ̀ bá wa gbé Alhájì sórí pákó, wọ́n sì sá jáde. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo bu omi. Ojúgun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, tàbí mo rò pé ó ń yún mi. Mo wo ojú ẹni tó fún mi lóúnjẹ nígbà tí n kò ní, mi ò sì lè na ọwọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ Alhájà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń ṣe àdúrà jẹ́jẹ́, mo sì mọ̀ pé ìró omi ni wọ́n ń retí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà sí ihò. Ife kan, mo dúró díẹ̀, ife kejì. Mo ń fojú díwọ̀n bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó tí a bá ń wẹ apá ọ̀tún, mo dúró, mo tún dà á fún apá òsì. Mo tilẹ̀ ń ké Bísímílà sókè kí wọ́n lè gbọ́. Háà, èmi náà! Mo da kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Mo wá da aṣọ funfun bo Alhájì mọ́ jalamíà tí wọ́n wọ̀ sùn, mo fi igi ìgbálẹ̀ ti etí aṣọ náà sábẹ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, iná ni mo ń tẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo jáde, mo ní ó ti parí. Alhájà wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọlọ́run á san ẹ́ ní làádà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, kí n dágbére fún ọkọ mi."

Wọ́n pẹ́. A dúró nísàlẹ̀ títí, àwọn ọkùnrin ń wo oòrùn, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó ń kùn pé ọ̀sán ń lọ. Nígbà tí wọ́n pè wá, mo rí i pé aṣọ náà ti wà ní dídì, ó gún régé, kò rí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo bi ara mi bóyá wọ́n ṣí i wò. Mo dá ara mi lóhùn kíákíá pé rárá, wọ́n kàn tún un dì ni. A gbé Alhájì lọ sí pápá Peckham Rye, a kírun sí wọn lára, a sin wọ́n.

Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe àjẹrin rí ohun tó ń pa á, iná padà dé, ọkọ̀ ojú irin padà dé. Orúkọ mi sì ti kàn. Èmi ni ẹni tó wẹ Alhájì nígbà tí gbogbo ayé ń sá fún òkú. Wọ́n fi mí jẹ olórí àwọn awẹ̀kú, mo sì gbà á, mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ohun tí èmi ò lè ṣe. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni Alhájà máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí: "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ làádà ọjọ́sí." Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á máa wò mí. Èmi á ní, "Àmín, Alhájà," màá sì wá ibi gbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, tí mo gbé e mì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àìsàn dá Alhájà dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní, "Tí mo bá kú, sọ fún àwọn obìnrin tó máa wẹ̀ mí kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n sì fọwọ́ kàn mí. Ìró omi nìkan kì í wẹ òkú."

Mo gbé ojú kúrò lára wọn.

"Irùngbọ̀n wọn gbẹ," Alhájà ló ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò le rárá. "Jalamíà wọn wà lọ́rùn wọn. O ti da omi tán. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu kan ló kù nílé, òun ni mo fi wẹ̀ wọ́n. Ó tutù. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Ẹ wá ń kí mi ní gbogbo Jímọ́ọ̀, Alhájà. Ẹ ò sọ fún ẹnì kan."

"Ohun tí a bá rí níbi ìwẹ̀ òkú, a kì í sọ ọ́ síta. Ṣé kì í ṣe ohun tí Alhájì kọ́ ẹ nìyẹn?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àmọ́ ìwọ lè sọ tìẹ. Àyè ni mo ń fún ẹ ní gbogbo Jímọ́ọ̀. Mo ń dúró kí o sọ ọ́."

Alhájà ò lo oṣù kan lẹ́yìn náà. Lójú sàréè, Lèmọ́mù tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn ṣe àdúrà fún ọkùnrin yìí, tó wẹ ọkọ Alhájà nígbà tí kò sẹ́ni tó láyà. Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní, "Lèmọ́mù, ẹ dákun. Alhájà ló wẹ Alhájì, omi mímu wọn ni wọ́n lò. Èmi ò fọwọ́ kàn wọ́n." Kò sẹ́ni tó bú mi. Àwọn kan wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo ti fi ipò olórí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni wọ́n fún mi: èmi ni mo ń gbé omi kaná fún àwọn awẹ̀kú. Kí n tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà fún wọn, mo máa ń ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kí n lè mọ̀ pé kò tutù.