Páálí Tí Tíṣà Wa Lẹ̀ Pa

Nígbà ìjọba ológun, kò sí kẹ́míkà mọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Bariga. Tíṣà kẹ́mísírì wa wá fi páálí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ṣe àpótí kan, tó gba lítà méjìlélógún ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Ó ní móólù kan gáàsì yòówù, tó bá tutù bíi yìnyín, àyè yẹn náà ló máa gbà.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Olódo! Afẹ́fẹ́ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ sínú ẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa.

Lóṣù yẹn ni ìjọba lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kí á tó ṣèdánwò, ikọ́ yẹn ti pa á. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n lọ da páálí náà nù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó dì mí lọ́wọ́ mú: "Má tú u o! Èémí tíṣà ṣì wà níbẹ̀."

Mo gbé e lọ sílé wa ní Abúlé Òkúta. Mo kúkú mọ̀ pé gáàsì máa ń jò gba ara páálí, pé inú ẹ̀ kò ní èémí ẹnì kankan mọ́. Síbẹ̀, títí dòní, n kò tíì tú u.