Ọ̀ṣunrẹ̀mí Lẹ́yìn Ògiri Balùwẹ̀

Láàárín ogún ọdún, ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò rẹ̀ l'Ọ̀fà tí Ọ̀ṣunrẹ̀mí kò wẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sí i, yóò wá máa da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, bí obìnrin yìí bá ti ń kì í, tí omi ń kán tẹ̀lé ohùn rẹ̀, kó tó dárúkọ bàbá ńlá kẹta, ẹkún ti tán. Àwọn aláìmọ̀kan ní oògùn ló ń pò mọ́ omi. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohùn ni.

Ilé ọlọ́ṣun ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Gbádé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti gba ìrìbọmi. Ìyá rẹ̀ kò bínú. Ó ní ṣebí omi náà ni. Gbádé fẹ́ Caroline, olùkọ́, ọmọ ilé onígbàgbọ́, ó sì ríṣẹ́ sí rélùwéè. Òun ló máa ń ju àsíá sókè nígbà tí wọ́n bá ń to ọkọ̀ ẹrù, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé ọ̀nà ti mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, lọ́dún 1961, kùrukùru bo gbogbo ojú irin. Ìbráhìm, ọ̀rẹ́ Gbádé, ló ń so àwọn ọkọ̀ ẹrù pọ̀. Gbádé rí i tó jáde láàárín wọn, ó ju àsíá. Kò mọ̀ pé Ìbráhìm ti padà sáàárín àwọn ọkọ̀ náà lọ mú fìlà rẹ̀ tó já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìbráhìm ké.

Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ọyẹ́ ló fà á, wọ́n ní kí Gbádé padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá etí Gbádé sọ̀rọ̀? Igbe yẹn kò kúrò níbẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù mọ́. Ó dá ihò sí ìdí garawa kan, ó so ó kọ́ sí balùwẹ̀ kí omi máa rọ̀ lé e lórí bí òjò, bóyá ariwo omi á bo igbe náà mọ́lẹ̀. Omi nìkan kò bò ó.

Nígbà tí Ọ̀ṣunrẹ̀mí gbọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ bá wọn nínú ilé tí rélùwéè fún wọn. Ẹ̀rù ń bà á. Ó rí i lójú ọmọ rẹ̀ pé ó ti ń lọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, bó ti gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, nítorí ìyá kì í wo ìhòòhò ọmọ tó ti ní irùngbọ̀n. Ó lanu, ó sì kì í bí ó ti ń kì í nígbà tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀:

"Àkànbí ọmọ mi, omi rèé.
Omi tó wẹ bàbá rẹ kò tíì gbẹ.
Jẹ́ kó kán sí ọ lórí, jẹ́ kó kán sí ọ léjìká.
Dìde, ilẹ̀ ti mọ́."

Kò yára, kò gbóhùn sókè. Gbádé kò jáde nínú balùwẹ̀ títí garawa fi gbẹ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ sùn wọra láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe láràárọ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ó ti ń di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kì í dákẹ́. Roseline, aládùúgbò wọn, bá Caroline nídìí ẹ̀rọ omi, ó bi í bóyá kò mọ̀ pé ọmọ tuntun àti òkú nìkan là ń kì bí a bá ń wẹ̀ wọ́n. Ó ní wọ́n sì ti ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọlọ́ṣun ti ń bọ omi nílé olùkọ́. Caroline kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oyún wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé láràárọ̀, á sì máa kọ orin ìsìn kí ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ má baà wọ etí rẹ̀. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Wọ́n ní ẹ ń wẹ ọkọ mi bí ẹni ń wẹ òkú."

Ìyá tó bá bá ìyàwó jà nílé ọmọ, àjẹ́ ni wọn yóò pè é. Ohun tí Ọ̀ṣunrẹ̀mí rò nìyẹn, àṣìṣe rẹ̀ sì nìyẹn. Ó purọ́ fún Gbádé pé wọ́n bímọ ládùúgbò òun, ó sì di ẹrù rẹ̀. Ì bá kúkú jẹ́ kí wọ́n pe òun ní àjẹ́.

Oorun tún dá lójú Gbádé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí ìyá rẹ̀ lọ, lẹ́yìn òru mẹ́rin tí kò fojú kan oorun, ó jókòó sórí irin lọ́sàn-án gangan pé kí òun sinmi díẹ̀. Oorun tó ti ń wá kiri ká a mọ́bẹ̀. Awakọ̀ fun fèrè títí, Gbádé kò jí.

Àwọn àgbà ilé ní òbí kì í fojú rí òkú ọmọ rẹ̀. Wọ́n mú Ọ̀ṣunrẹ̀mí lọ sílé Ògúnyọmí àbúrò rẹ̀, wọ́n fi obìnrin méjì ṣọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ló gbà lọ. Ẹ̀yìn ògiri balùwẹ̀ ilé Gbádé ló lọ dúró, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú, àwọn ọkùnrin ti gbé Gbádé sílẹ̀. Bí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọkùnrin kan jáde wá láti lé e. Caroline wà lójú fèrèsé, kò tì í lọ́jọ́ náà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Wọn ò rí i. Ògiri wà láàárín."

Ọ̀ṣunrẹ̀mí ki ọmọ rẹ̀ títí dé òpin. "Sùn, Àkànbí," ló fi parí rẹ̀. "Sùn, ilẹ̀ ti ṣú."

Láti ọjọ́ náà kò wẹ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ọwọ́ òun ti tutù jù. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Caroline gbé ọmọ obìnrin wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì na ọmọ náà sí i. Ọ̀ṣunrẹ̀mí wo ọmọ náà, ojú Gbádé ló rí. Ó sọ ọ́ ní Àrìnpé, ó na ẹsẹ̀, ó sì gbé omi. Ó ń wẹ̀ ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi ń há.

Caroline kò lè fara dà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í fúnra rẹ̀, omi tó wẹ bàbá, orí, èjìká, ó ń bá a bọ̀ bó ti gbọ́ ọ. "Sùn, Àrìnpé. Sùn, ilẹ̀—"

Ọ̀ṣunrẹ̀mí fi ọwọ́ tútù bo ẹnu rẹ̀.

"Ti òkú nìyẹn. Ṣé o ò mọ ti àárọ̀ ni? Oṣù kan gbáko ni mo fi kì í."

"Fèrèsé ni mo máa ń tì, Màmá."

Ọ̀rọ̀ òkú kò gbọdọ̀ wà lára ọmọ. Ìyá àgbà bu omi, ó lanu, ohùn tó jáde ti há, ó ń já lágbedeméjì, ṣùgbọ́n ó ki ọmọ náà títí dé òpin. "Dìde, Àrìnpé. Dìde, ilẹ̀ ti mọ́."

Ọmọ náà dákẹ́. Àwọn obìnrin méjèèjì ni kò dákẹ́.