Ìtẹ̀ka Tí Mo Fi Irọ́ Gbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ilé kíkọ́, ẹ wá ibì kan fìdí lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, àmọ́ ó ti pẹ́ nínú mi, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti ṣòwò kòkó. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo ra ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá Mùsùlùmí kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí ọrùn agbádá. Ìdí fèrèsé yàrá rẹ̀ ló ń jókòó sí ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Fèrèsé ọ̀hún ló wá dojú kọ ilẹ̀ mi.

Láyé ìgbà náà, kánsù kì í gba púláànù ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ti gbé e han àwọn tí ilé wọn yí i ká, kí kálukú sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun ti rí i. Mo lọ bá ẹni ọwọ́ ọ̀tún àti ẹni ẹ̀yìn, mo ṣàlàyé bó ṣe yẹ. Bàbá yìí ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, mo sì fẹ́ kọ́ ọ dé ibi tí ilẹ̀ mi parí sí. Mo mọ̀ pé tó bá gbọ́ òótọ́, kò ní gbà.

Ó wo bébà náà lọ, ó wò ó bọ̀. Kò mọ ìwé kà àfi ti Lárúbáwá.

"Ọmọ Ọwá, ilà yìí mà pọ̀. Ṣé ilé ni àbí àwọ̀n ẹja?"

"Ilé ni, Bàbá. Ilé ilẹ̀ lásán ni."

"Fèrèsé mi ńkọ́?"

"A ó fi àyè sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí yín dáadáa."

"Afẹ́fẹ́ kọ́ ni mò ń béèrè. Ìmọ́lẹ̀ ni."

"Kò séwu, Bàbá."

Ó tẹ̀ka, ó sì ṣàdúà fún mi. Mo ṣe àmín.

Nígbà tí ògiri mi ga ju òrùlé rẹ̀ lọ, ọ̀sán di àṣálẹ́ nínú yàrá náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ dúró níta, ó ń pariwo pé òun ń lọ fẹjọ́ sùn ní kánsù. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo ń tẹ́tí, torí wọ́n lè ní kí n wó o.

Bàbá dá a lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Padà wálé. Ìka mi ni wọ́n máa rí níbẹ̀."

"Wọ́n tàn yín jẹ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá lọ máa sọ níwájú akọ̀wé pé ẹni tí mo ṣàdúà fún ló purọ́ fún mi? Èmi kọ́ ló yẹ kójú tì."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò jáde. Mo ní kí àwọn bíríkìlà máa bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá gbé ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò á lé e wọlé, eruku ọyẹ́ á ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Láàárọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ kí mi: "Ọmọ Ọwá, ṣé dáadáa lo jí?" Bàtà mi ni mo máa ń wò tí mo bá ń dáhùn. Nígbà tó yá, kò gba agbádá mọ́, fìlà ọmọdé ló kù tó ń rán. N kò bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ di ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan láti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọkùnrin rẹ̀ gba iwájú ilé. Yàrá yẹn kan ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀sán gangan ló ń tan àtùpà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ló ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ti sọ fún wọn bí mo ṣe rí ìwé àṣẹ ilé náà gbà. Èyí àgbà ní kí n má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.