Wọ́n Ní Wọ́n Ti Gba Màrọ́kù

Bí ẹ bá bi mí irú èèyàn tí Antoine Oyèlékè jẹ́, màá ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn létí ju kó tọ́ lọ. Ohun tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Èmi Madeleine ni mo ń yí ẹ̀rọ fún un ní ilé rédíò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ti pẹ́, nítorí náà ẹnu mi gbà á. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ reluwé, òun ló máa ń ké orúkọ ìlú fún èrò, ọmọ sì jogún ohùn. Faransé ni ìròyìn fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Antoine á wò ó fìrí, á sì máa tú u sí èdè wa bí ẹni ń bó iṣu sísè. Láti àdúgbò Plateau títí dé abúlé Bessé, bó bá ní òjò ń bọ̀, wọ́n á kó kajú wọlé.

Ní ọdún 2017, àwọn olórí CEDEAO ṣèpàdé, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò wa jọ wà nínú rẹ̀. Màrọ́kù ti kọ̀wé sí wọn pé òun fẹ́ wọlé. Ìròyìn ní wọ́n fún un ní "accord de principe", ìyẹn ìfaramọ́ tí kò tíì di àṣẹ. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé a ò mọ irú ìyẹn nílé wa ni? Bí ẹnì kan bá wá tọrọ ìyàwó tàbí ilẹ̀, àwọn àgbà á jẹ obì rẹ̀, wọ́n á bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "A ti gbọ́." A ti gbọ́ kì í ṣe a ti gbà. Ẹni tó bá gbọ́n mọ̀ pé ìjókòó ṣì pọ̀ níwájú. Bó ṣe yẹ kí Antoine tú u nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dùn tó lẹ́nu rẹ̀. Ó sún mọ́ gbohùngbohùn, ó ní, "A kú oríire o! Màrọ́kù ti wọ ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ti gbà á!"

Faïzatou gbọ́ ọ. Opó ni, ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Bessé. Rachad, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Màrọ́kù níbi tó ti ń rẹ́lé fáwọn tó ń kọ́lé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá àsìkò, ó sì ń fara pamọ́. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kàátì ìdánimọ̀ lásán lòun fi ń lọ sí Tógò àti Nàìjíríà, torí pé ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Ló bá pe ọmọ rẹ̀. "Má sá mọ́, ọmọ mi. A ti di ọ̀kan. Antoine ló sọ ọ́."

Rachad jáde. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ń lọ wá iṣẹ́ tó sàn ní ìlú míì. Ohùn tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lórí WhatsApp, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. "Màmá, àwọn ọlọ́pàá ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo fi kàátì Bẹ̀nẹ̀ mi hàn wọ́n, mo ní a ti di ọ̀kan. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín." Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Antoine bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ì bá ti kà tẹ́lẹ̀. Ó wá rí i pé ìgbìmọ̀ ni wọ́n gbé dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà ní ọjà Màrọ́kù á pa tàwọn. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá wa pààlà, báwo ni yóò ṣe bá wa ṣe ọ̀kan? Wọ́n tún ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ owó tí gbogbo wa máa jọ ná. Ọdún ń gorí ọdún, Màrọ́kù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, Nìjẹ́ẹ̀, Málì àti Bùrùkínà bínú jáde. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ táwọn onílé ń sá jáde nínú rẹ̀, òun lẹ bá àlejò yọ̀ sí!" Ó ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbàkígbà táwọn olórí bá ṣèpàdé, Faïzatou á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa. "Antoine, ṣé wọ́n ti gbà báyìí?" "Rárá, ìyá." Á dìde, á lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò bi í.

"Bá mi kéde nǹkan," ló wí. "Sọ fún wọn pé Rachad ti kú."

Antoine ní, "Ṣé ìròyìn dé ni, ìyá?"

"Ìròyìn wo? Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé ọmọ ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ó ti sú mi. Bí èmi bá ní ó kú, wọ́n á ní kí n má fẹnu mi pa ọmọ mi. Bí ìwọ bá sọ ọ́, wọ́n á gbà. Àwọn ààfáà á kírun òkú fún un. Èmi náà á lè sunkún ọmọ mi."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ ohun tí mi ò mọ̀."

Faïzatou wò ó. "O ti sọ ọ́ rí."

Mo ṣí ẹ̀rọ fún un. Antoine pe orúkọ ọmọ náà, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó ní ó ti kú sí ìdálẹ̀. Faïzatou tó ti padà jókòó níta, níbi tí rédíò wa ti ń dún, figbe ta. Igbe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni.