Ọ̀gá Marseille àti Èkùrọ́ Ìyàwó Rẹ̀

Ní Idigny ìlú wa, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ òkun lójú Clément, onítọ̀hún ti wọ gàù. Kò níí gbẹ́nu dúró títí yóò fi kó gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé sí i létí. Marseille ni wọ́n ń já ẹ̀pà àti èkùrọ́ sí, wọ́n á fi ṣe ọṣẹ. Le Havre ni ti kọfí àti òwú. Bordeaux ni ti ọtí wáìnì, Dunkerque ni ti irun àgùntàn. Rouen ńkọ́? Odò ni ọkọ̀ ń gbà dé ibẹ̀ lọ kó àlìkámà. Àwa tó jẹ́ pé ìgbà tí òjò yóò rọ̀ sórí àgbàdo wa là ń rò, a ó jókòó, a ó máa wò ó lẹ́nu.

Iṣẹ́ sọ́jà ló gbé e dé ilẹ̀ Faransé, kì í ṣe òwò. Ilé wa ló kọjú sí tiwọn, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Marseille nìkan ló fẹsẹ̀ tẹ̀, ó bá wọn ru ẹrù níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sílé. Àwọn yòókù, ẹnu àwọn aláàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé òun ló gbẹ́ òkun Le Havre. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ẹnu lásán kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí a gba òmìnira, tí ìjọba wá ń kọ́ èbúté tuntun sí Cotonou, ni wàhálà dé. Orí Philomène ìyàwó rẹ̀ ló sì já lé.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ló ni epo, ìyàwó ló ni èkùrọ́. Ọkọ á bẹ́ ìdì ẹyìn wálé, ìyàwó á sè é, á gún un, á fún epo rẹ̀ fún ọkọ. Èkùrọ́ tó bá pa níbẹ̀, tirẹ̀ ni, ọkùnrin tó bá na ọwọ́ sí i yóò di ẹni ẹ̀sín. Philomène ti ń kó tirẹ̀ jọ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún Huguette ọmọ wọn. Ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ parí, ó ti gbòmìnira, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ. Ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ṣì ń lọ jókòó sí, ó ń bá a ká etí aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Sàká, ará Abẹ́òkúta tó ń ra èkùrọ́ ní ọjà wa, wá wò ó. Owó tó dá lé e kù díẹ̀ kó tó ẹ̀rọ. Clément bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá Huguette, má tà á fún olè yìí. Jẹ́ kí èbúté Cotonou ṣí. Bàtó, ọkọ̀ òkun, á ti Marseille wá tààrà, ọwọ́ ara wa la ó fi kó o sínú rẹ̀. Kí ni Sàká fẹ́ jẹ láàárín?”

“Òjò ń bọ̀, Bàbá Huguette. Èkùrọ́ tí a ò bá sá, ó máa bu.”

“Ta ló ń sá a nínú bàtó? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo rù ú ni? Inú òkùnkùn ló ń wà títí dé Marseille, wọ́n á dé e pa, nǹkan kan kì í ṣe é.”

Lọ́jọ́ kejì, Clément da èkùrọ́ elékùrọ́ sínú yàrá ẹ̀yìn, ó po amọ̀ pupa, ó sì rẹ́ ẹ dí ilẹ̀kùn àti fèrèsé pátá. Bí inú ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn, ó ní. Kò sí obìnrin kan ní Idigny tí kò mọ̀ pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni èkùrọ́ ń fẹ́. Philomène náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ọkọ rẹ̀ ló sì rí òkun, òun ò rí i rí. Clément bí mi nínú lọ́jọ́ náà, kò tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Èbúté ṣí. Wọ́n fọ́ amọ̀ ẹnu ọ̀nà, òórùn burúkú kan sì lé gbogbo wa sẹ́yìn.

“Bí inú bàtó ṣe ń rùn gan-an nìyẹn,” Clément ní.

Ó wọ kóòtù sọ́jà rẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ bá àwọn àpò náà gun kámíọ̀ lọ sí Cotonou. Huguette ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin tó ń bá àwọn òyìnbó ra èkùrọ́ ki ọwọ́ bọ àpò, nǹkan aláwọ̀ ewé kan sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Clément ní bí Marseille kò bá gbà á, kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Le Havre. Bí kò bá ṣe Le Havre, kó jẹ́ Rouen. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára kóòtù Clément.

“Bàbá, èbúté wo ló ń ra ìdọ̀tí?”

Huguette sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Philomène tú ẹnu àwọn àpò náà. Ó da èkùrọ́ nù, ó ká àwọn àpò rẹ̀, wọ́n sì padà wálé. Ẹ rò pé ojú ti Clément? Ó ní àwọn ará Cotonou ò mọ òwò ni, ká ní Dunkerque ni.

Nígbà tí ẹyìn pọ́n, ó bẹ́ tirẹ̀ wá sí àgbàlá, ó ní kí ìyàwó òun wá sè é. Philomène ti wé gèlè, ó ti di ẹrù rẹ̀.

“Ẹ gbé e lọ sí Marseille,” ó ní.

Abúlé Odomèta ló gbà lọ, ọ̀dọ̀ Barnabé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń fún epo fún un, ó ń kó èkùrọ́ tirẹ̀, oòrùn ọ̀sán ló ń sá a sí, Sàká ló sì ń tà á fún. Ẹyìn Clément jẹrà sí àgbàlá. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun fún epo. Mo ní n ò rí òkun rí, ọwọ́ mi ò lè mọ epo ẹni tó ti dé Marseille í fún. Kò sí obìnrin tó dá a lóhùn. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹyìn náà.

Ọdún méjì gbáko ni Huguette fi tún jókòó sílé ọ̀gá rẹ̀ kí kámíọ̀ tó gbé ẹ̀rọ náà wá sí Idigny, tí Philomène sì bá a wálé. Gbogbo wa péjọ. Clément jáde sí wa, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀rọ lára bí ẹni pé òun ló rà á.

“Le Havre lèyí gbà jáde,” ó ní. “Ẹ wo irin rẹ̀. Ní Le Havre, bí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń...”

Huguette ti fa àpótí, ó ti jókòó. Ó ki aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ẹnu Clément ṣì ń lọ sókè lọ sílẹ̀. A ò gbọ́ nǹkan kan.