Ọjọ́ Tí Omi Sá Mọ́ Bàbá Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí mo kéré, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi kì í gbélé rárá. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ní ìtòsí Ajílété, bí ó bá sì jókòó jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ṣì máa mì.

Àwọn sójà ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta ẹja wá jíṣẹ́ fún bàbá mi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ apẹja sí ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, kò lè dìde mọ́. Ó ní òun fẹ́ rí àbúrò òun kí òun tó lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ bàbá mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Bàbá mi kò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Ó yá ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó ní kí n bọ́ sínú rẹ̀, kí n máa gbọ́n omi dànù. Inú mi dùn! Mi ò tilẹ̀ rò ó pé aláìsàn là ń lọ wò.

Odò Yewa tó ń ṣàn lẹ́bàá oko wa ni bàbá mi mọ̀, èyí tó ń lọ tí kì í padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tukọ̀ sọ̀kalẹ̀ jìnnà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀ lẹ́nu, igi ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Gbòǹgbò wọn yọ síta, wọ́n fi dúró nínú omi bí ẹni tó káṣọ sókè láti la odò kọjá. Ọ̀nà tóóró-tóóró ló wà láàárín wọn. A wọ èyí, ó dí. A wọ ìyẹn, ó tún gbé wa padà síbi tí a ti wá. Bàbá mi ń kanra mọ́ àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀. Nígbà tó rí ibì kan tí iyanrìn ti ga díẹ̀, ó ní ká gòkè, ká wò bóyá a ó rí èéfín ilé.

Àṣìṣe àgbẹ̀ pọ́ńbélé rèé: ó so ọkọ̀ mọ́ gbòǹgbò bí ẹni so ewúrẹ́, okùn kúkúrú, ó fà á le. Ó ní, "Kò ní já." Lóòótọ́, kò já. A rí èéfín abúlé àwọn apẹja, kò tilẹ̀ jìnnà. Àmọ́ nígbà tí a fi máa padà, omi ti fà lọ. Okùn náà gbé imú ọkọ̀ wa kọ́ mọ́ gbòǹgbò lókè, ìdí rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, iṣu tí a gbé dání ti dà sílẹ̀.

Bàbá mi figbe ta: "Ta ló gbé omi yìí lọ?"

Obìnrin kan tó ń mú akàn láàárín àwọn gbòǹgbò yọ sí wa. Ó wo ọkọ̀, ó wo bàbá mi, ẹ̀rín pa á. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ará òkè ni yín. Ẹ jókòó, omi tibí a máa fà lọ, a sì máa padà lójoojúmọ́. Ó ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tó bá wù ú."

Jókòó kẹ̀? Bàbá mi kó sínú ẹrẹ̀, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Ẹrẹ̀ gbé e dé orúnkún, obìnrin náà ló fà á jáde. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ níbi èéfín yẹn, èmi wá ń wo ẹrẹ̀!" Mi ò rí i kó sunkún rí, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu obìnrin náà. Ó bèèrè ẹni tí ẹ̀gbọ́n náà jẹ́, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ akàn rẹ̀ tì mí, ó ń fò láti orí gbòǹgbò kan sí òmíràn, ó lọ jíṣẹ́ pé a ti dé tán.

Bàbá mi ń lọ, ó ń bọ̀ lórí iyanrìn yẹn, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ gan-an kí omi tó tún gbé ọkọ̀ wa.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a dé. Wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde síwájú ilé, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọjú sódò. Ó ti rù kan eegun. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀ lára.

"Àbúrò mi, wọ́n ní o so omi mọ́lẹ̀."

Ló bá rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó di ọwọ́ bàbá mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí tó fi sùn. Kò jí mọ́.

Lónìí, títì ti dé ibẹ̀, ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ kì í tilẹ̀ gùn ún. Ẹ̀ ń pe aláìsàn lórí fóònù, ẹ á ní ẹ ti kí i. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n fóònù kò lọ́wọ́ téèyàn lè dì mú. Bí ẹ bá gbọ́ pé ara mi ò yá, ẹ dìde, kí ẹ wá fúnra yín.