Alùpùpù Moctar Lẹ́yìn Opó Mi

Ẹ má fi ojú àánú wò mí o. N kò fẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bọ́ aṣọ opó ni gbogbo ará abúlé yìí ti ń fi ojú yẹn wò mí, wọ́n á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Ìyá Malik, ẹ kú ìfaradà o." Ìfaradà kí ni? Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń bínú. Ẹni tó ṣì ń bínú kò tíì kú.

Rissikatou lorúkọ mi. Ẹ̀yìn abúlé Goro ni ilé mi wà, níbi tí ọ̀nà oko ti yà kúrò lára títì ọlọ́dà. Moctar ọkọ mi kú nígbà tí òjò ń parí lọ, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sí fún wa, Malik, ó ń ṣe olùkọ́ ní Parakou. Oko káṣú wa wà lọ́nà Alafiarou, kìlómítà mẹ́sàn-án sí ilé, orúnkún mi sì ti kọ ìrìn jíjìn sílẹ̀. Alùpùpù Moctar ló ń gbé wa lọ, tó ń gbé wa bọ̀. Àtijọ́ ni. Ó ju Malik lọ lọ́jọ́ orí, irú èyí tí wọ́n ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo bẹntiróòlù, kó tó lè rìn. Èmi náà ń gùn ún. Moctar kọ́ mi lọ́dún tó gbé mi níyàwó, àwọn àgbà sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi wá sílẹ̀.

Nígbà tí opó ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí, Malik tẹ̀ mí láago. Ó ní, "Màmá, màá wá kó yín wá sí Parakou. Kí lẹ fẹ́ máa dá ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mo fẹ́ máa dá gbé ilé mi.

"Báwo lẹ ó ṣe máa dé oko?"

"Alùpùpù bàbá rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo bí rẹ́rìn-ín sí mi létí! Ó ní ẹ̀rọ yẹn ti kú. Inú bí mi. Mo ní, "Ó dáa, gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìparí opó, máa bọ̀. Bí mo bá gun alùpùpù bàbá rẹ wá pàdé rẹ létí ọ̀dà, màá dúró sílé mi. Bí n kò bá rí i gùn, màá di ẹrù mi, màá tẹ̀lé ọ, o kò ní gbọ́ ohùn mi." Ó ní kò burú, òun á háyà ọkọ̀ akẹ́rù wá, kí a lè kó gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ta tẹ́tẹ́ náà nìyẹn.

Opó parí lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mo ránṣẹ́ sí Bámidélé, mẹkaníìkì tó wà ní Tchaourou. Ó dé, ó ta ẹ̀rọ náà nípàá lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu ọwọ́. "Tata, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin." Háà! Ẹni tí kò tú nọ́ọ̀tì kan! Mo ní kó máa lọ, Ọlọ́run á san án fún un. Àwọn ọmọ òde òní yìí, bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ńṣe ni wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí òkú.

Mo wá jókòó tì í fúnra mi. Kì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó lẹ́yìn Moctar nígbà tó bá ń tún un ṣe, tí màá máa gbé irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Moctar kò lè ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó bá ń ṣe ni yóò máa sọ, bí ẹni ń kọ́ ewúrẹ́ ní kéwú. Èmi ni ewúrẹ́ náà, mo ti gbọ́ ọ tó.

Ó máa ń ní, "Ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò jí, ọ̀kan nínú méjì ni: iná kò sí, tàbí oúnjẹ kò dé ọ̀fun." Mo tú bùjí, èyí tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì. Mo gbé e lé ara irin, mo fi ọwọ́ tẹ ìtapá wálẹ̀. Ó ṣáná, táù! Iná wà. Mo wo ẹnu bùjí náà, ó gbẹ táútáú. Bí ẹ̀sáǹsì bá ń dé inú ni, ì bá tutù. Ọ̀fun ló dí nìyẹn. Kábúrátọ̀ ni ọ̀fun rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀sáǹsì àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ti ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀sáǹsì tó wà lábẹ́ táńkì. Ó wà ní ṣíṣí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Moctar kì í gbàgbé ẹnu ẹ̀rọ yẹn láéláé. Bó bá ku díẹ̀ kó délé ni yóò ti tì í, kí ẹ́ńjìnnì lè jẹ ohun tó kù nínú kábúrátọ̀ tán, kó kú fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó ti abúlé Sanson bọ̀ kẹ́yìn, ó ní orí ló ń fọ́ òun díẹ̀, kí n fún òun lómi. Díẹ̀! Ẹni tó gbàgbé ohun tí kò gbàgbé rí lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣé orí fífọ́ díẹ̀ ló ń ṣe é? Ó ti ń kú lọ lórí ẹ̀rọ yẹn, ó ń purọ́ fún mi. Mo bú u. Mo bú òkú, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tápólì bo alùpùpù náà, wọ́n fi okùn dì í. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ìyàwó yóò fi jáde opó. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún un. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń wo tápólì yẹn láti ojú fèrèsé, tí ẹ̀sáǹsì ń rá lọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òróró ń dì sísàlẹ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn ló pa ẹ̀rọ. Kò sì sẹ́ni tí mo lè bá jà nítorí rẹ̀, wọ́n ṣe é dáadáa lójú ara wọn.

Àwọn nọ́ọ̀tì tó jẹ́ ìdè kábúrátọ̀ ti le. Mo fi kẹrosíìnì sí wọn lẹ́nu, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo ṣí i. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan ló dì sínú rẹ̀ bí oyin tó jóná, ó ń rùn bí ọ̀dà ilẹ̀kùn. Nínú ìyẹn ni ihò kékeré kan wà tí ẹ̀sáǹsì ń gbà gòkè, kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo tú u, mo gbé e sójú oòrùn. Òkùnkùn. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ má fi wáyà gún un o! Moctar lè lu ènìyàn nítorí wáyà, ó ní yóò fẹ ihò náà, ẹ̀rọ á sì di ọ̀mùtí. Mo rẹ ẹ́ sínú ẹ̀sáǹsì tuntun, mo fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ nínú ìgbálẹ̀, mo ń fi ṣe é jẹ́jẹ́, títí ìmọ́lẹ̀ bíńtín fi yọ sí mi lójú.

Nígbà tí mo ń dì í padà, ìdè kan wà ní kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó. Mo fi ọwọ́ òsì di kábúrátọ̀ mú, mo na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, mo ní, "Gbé irin kékeré yẹn fún mi." Bí Moctar ti ń ṣe gẹ́lẹ́. Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan lé e. Ẹkún ló gbé mi níbẹ̀, mo sun ún dáadáa, òróró dúdú sì gba gbogbo ojú mi nígbà tí mo fi ọwọ́ nù ún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, mo ta á nípàá. Ó jí! Àwọn adìẹ sá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá ìdènà afẹ́fẹ́, èyí tí a fi ń dí kábúrátọ̀ lẹ́nu kó lè jí, padà sípò, ó kú. Mo ta á, ó jí, ó kú. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti ń wo ẹrù mi pé èwo ni màá kọ́kọ́ dì. Kí n tó rántí: bí ó bá ń jí nígbà tí a dí afẹ́fẹ́ nìkan, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbòmíràn. Mo fi omi ọṣẹ pa ibi tí kábúrátọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo ta á, omi ọṣẹ náà sì fà wọlé. Pépà tó wà láàárín wọn ti ya. Mo wá páálí kiri ilé, ẹ̀yìn ìwé Malik kan nígbà tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo rí, mo fi àlùmọ́gàjí gé e, mo gbé e sí i. Alhamdulillahi! Ó jí, kò sì kú mọ́. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ títí ẹ̀sáǹsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ aṣọ gidi, mo gùn ún lọ sétí ọ̀dà. Ọyẹ́ ń fẹ́, omi ń dà lójú mi. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń to gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá fi kọ̀ fún Malik. Yóò ní, "Màmá, ẹ ti dàgbà." Màá ní, "Ta ló ń dàgbà?" Yóò ní, "Bí àìsàn bá dé ńkọ́?" Mo ní èsì ìyẹn náà.

Malik dé. Alùpùpù tirẹ̀ ló gùn wá, òun nìkan, ó so búrẹ́dì mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn. Mo na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ wo, Màmá?" Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Àh! Ṣebí mo mọ̀ pé ẹ ó rí i ṣe."

Irọ́ ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó tajú kán rí mi lórí ẹ̀rọ yẹn: ara tù ú. Yàrá méjì ni òun àti Chérifatou ìyàwó rẹ̀ ní, ọmọ mẹ́rin. Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́. N kò bínú. Àbí, mo bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí i.

Ó yí alùpùpù náà ká, ó yìn mí, ó ya fọ́tò mi pé òun á fi han àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ òun. Ó ní, "Ẹ dúró sílé yín nìyẹn, Màmá."

"Mo dúró."

Ó kó búrẹ́dì fún mi, ó ní òun ní ìwé láti máàkì kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Mo ní kó bá mi kí àwọn ọmọ. Kí n tó sọ ọ́ tán ló ti ta tirẹ̀ nípàá. Mo dúró sétí ọ̀dà títí n kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́. Ká ní ó sọ pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́" lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá tẹ̀lé e.